Mo Dá Gun Òkè Ìdànrè, Ṣùgbọ́n N Kò Dá Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan bá bi yín léèrè pé, "Èwo ni ó le jù nínú gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀?" kí ni ẹ óò wí? Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò dáhùn pé gígùn ni. Èmi náà ìbá dáhùn bẹ́ẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ kan nínú ìsinmi Ọdún Àjíǹde, nígbà tí òkè kan kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, Jọ́gíráfì ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan mo ń sọ fún wọn nípa àwọn òkè tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo sọ nípa Olúmọ, àpáta tí ó di ààbò fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Mo sọ nípa òkè Adó-Àwáyè, tí adágún omi wà ní orí rẹ̀. Mo wá sọ nípa Ìdànrè, níbi tí odindi ìlú kan gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti gun ún rí?"

Mo ní rárá. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wò mí kò tẹ́ mi lọ́rùn. N kò mọ ìgbà tí mo là ẹnu tí mo ní, "Kí ẹ tó wọlé ní sáà tí ń bọ̀, mo ti gun ún, n óò sì dé ibi tí àwọn àlejò kì í dé níbẹ̀." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu ara mi so okùn mọ́ ọrùn ara mi.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ELÉPO

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Kò tó máìlì 20. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà náà rí mọ̀ pé a kì í wá òkè kiri níbẹ̀; òkè ni ó ń jáde wá pàdé ènìyàn. Bí mọ́tò bá ti yí kọ́nà báyìí, àpáta dúdú kan yóò yọ gàgàrà, ilé onípáànù àti oko kòkó yóò sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọdé tí ó jókòó ti àgbàlagbà. Àwọn kan nínú wọn ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ojú òkun.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ ní Odòde-Ìdànrè, àdéhùn wa sì ni pé àwa méjèèjì ni a óò jọ gun òkè náà. Mo dé ilé rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ibà ti dá a dúbúlẹ̀. Ó ní kí n dúró di ọjọ́ kejì. Mo ní ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ padà sílé. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n mú amọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo yá dígí kékeré kan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àdéhùn ni pé ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí mo bá ti dé ṣóńṣó òkè kan tí a ń wò láti ẹ̀yìnkùlé wọn, n óò fi dígí náà ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni yóò dúró máa wò ó.

Nígbà tí mo ń jáde lọ, mo kí ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, epo ni ó sì ń tà lọ́jà títí di òní. Orí òkè yẹn ni wọ́n ti bí ìyá tirẹ̀. Ó ń rọ epo sínú ìgò lọ́wọ́. Ó wo bàtà kánfáàsì mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, o ti mọ bí o óò ṣe gùn ún. Sísọ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ibi tí mo bá gbà gùn ún náà ni n óò gbà sọ̀."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí. Aago mélòó ni o óò dé?"

Mo ní n kò lè sọ ní pàtó.

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Ó ní, "Sọ aago kan. Ẹni tí kò bá dá ìgbà tí ó ń bọ̀, ìgbà wo ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?"

Kí n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní agogo mẹ́rin.

ÌLÚ TÍ Ó WÀ LÓRÍ ÒKÈ

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ mo san owó ìwọlé ní ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ amọ̀nà dìde wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín lọ?" Owó tí ó bèèrè kò pọ̀ rárá. Mo ní, "Má ṣe ìyọnu. Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí." Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ó dára, sà," ó sì padà lọ jókòó.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ sí ara òkè náà lé ní 600. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan kékeré ni. Ní ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, mo ń súfèé. Ní ọgọ́rùn-ún kejì, mo dákẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ibi ìsinmi tí wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ti gòkè tán, ẹ óò rò pé ṣóńṣó ni ẹ óò bá. Rárá o. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ẹ óò bá, tí àpáta ńláńlá yí ká bí odi, àárín rẹ̀ sì ni ìlú àtijọ́ wà. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá àti àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́. Ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n so agogo sí wà níbẹ̀, ilé ìwé pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ará ìlú ṣí sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí. Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà sọ́dọ̀ àjọ UNESCO, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò fún ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Mo dúró pẹ́ nínú ilé ìwé náà. Alángbá olórí pupa kan ń mi orí sí mi láti ojú fèrèsé. Mo rò ó pé olùkọ́ kan ti dúró níbí rí, tí àwọn ọmọ sì ń wo ẹnu rẹ̀. Òun gun òkè yìí nítorí iṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ gùn ún nítorí oúnjẹ, àwọn ìyá gùn ún pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Nínú gbogbo wọn, bóyá èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gùn ún nítorí ojú tí ọmọdé fi wò ó. Ó yẹ kí ìrònú yẹn dá mi padà, ṣùgbọ́n kò dá mi padà.

GBỌ̀Ọ̀RỌ̀ ÀPÁTA

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀ níhìn-ín. Òkúta akọ ni òkè Ìdànrè. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ohun yíyọ́ tí ó gbóná janjan ni òkúta yìí, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni ó tutù tí ó sì dì. Òjò àti àgbàrá wọ́ ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ láti ọdún dé ọdún, títí àpáta náà fi yọrí síta. Nígbà tí ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó wú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí orí àwọn òkè náà fi rí róbótó. Ìdí rẹ̀ nìyí pẹ̀lú tí a fi ń rí àwọn òkúta pẹlẹbẹ lára wọn, tí a óò rò pé wọ́n lẹ̀ mọ́ àpáta, tí wọn kò sì lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ọdún méjìlá ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Láìpẹ́ ẹ óò rí bí èmi fúnra mi ti mọ̀ ọ́n tó.

Lẹ́yìn ìlú àtijọ́, mo rí òkè méjì tí gbọ̀ọ̀rọ̀ àpáta kan so pọ̀. Èyí tí ó wà lókèèrè ni a ń wò láti ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín mi, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbọ̀ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ bí ojú títì. Bí mo ti ń lọ, ó ń fún pọ̀, títí ó fi dà bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní ọwọ́ ọ̀tún, àpáta rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú igbó. Ní ọwọ́ òsì, ó já lulẹ̀ tààrà, orí igi ni mo sì ń wò nísàlẹ̀. Mo fi ìrìn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá.

Níbì kan, àpáta dìde dúró níwájú mi bí ògiri. Gíga rẹ̀ tó ti ènìyàn méjì tí ọ̀kan dúró lé èjìká èkejì. Mo wò ó. Mo rí ibi tí mo lè ki ìka bọ̀, mo rí ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo fà, mo sì bọ́ sí òkè. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Inú mi dùn débi pé mo kọrin. N kò bojú wẹ̀yìn wò ó rárá.

MO KA ÀRÁ

Ní nǹkan bí agogo kan ààbọ̀, ṣóńṣó náà kò ju yáàdì 200 lọ sí mi mọ́. Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé n kò rí òjìji mi mọ́ lórí àpáta. Mo gbójú sókè. Ìhà ìlà-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mànàmáná kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn. Mo ka 21 kí àrá tó sán. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé lójú ẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ń dé ojú wa, ṣùgbọ́n ìró àrá a máa rin kìlómítà kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Nítorí náà, kìlómítà 7 ni ìjì náà wà sí mi. Mànàmáná kejì kọ, mo ka 15: kìlómítà 5. Ẹ̀kẹta kọ, mo ka 9: kìlómítà 3. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ilé. Èmi ni mo ga jù lórí àpáta náà. Àwọn onímọ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí kíkà náà kò bá ti pé 30, kí ènìyàn kúrò ní ibi gíga tí ó wà ní gbangba.

Ṣùgbọ́n yáàdì 200! Ẹ̀yin oníṣòwò mọ irú ìrònú tí ó wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tí ó ti kó owó púpọ̀ lé ọjà tí kò tà, ọkàn rẹ̀ kì í wí fún un pé kí ó dáwọ́ dúró. Ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Fi díẹ̀ kún un, kí èyí tí o ti ná má baà ṣòfò." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wí.

Mo yọ dígí náà jáde nínú àpò. Ojú ara mi ni mo rí nínú rẹ̀, pẹ̀lú òjò dúdú lẹ́yìn orí mi. Oòrùn ti wọ ìkùukùu. Bí mo tilẹ̀ dé ṣóńṣó, dígí kò lè ta ìmọ́lẹ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ń lọ ti bàjẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣì fẹ́ lọ, nítorí ìtìjú àwọn ọmọ kíláàsì mi ń tì mí lẹ́yìn. Mo dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún tí n kò ní láti fi ṣòfò. Lẹ́yìn náà mo yí padà.

SÍSỌ̀ ŃKỌ́?

Nígbà tí mo dé orí ògiri àpáta yẹn, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. N kò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú ibi tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí mo ń gùn. Ẹ̀yin ará, nígbà tí ènìyàn bá ń gun òkè, ojú ni ó ń ṣíwájú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ ni ó ń ṣíwájú ojú.

Ẹ óò ti rí àwọn ìlà dúdú tí ó máa ń wà lára àpáta, bí ẹni pé a da aró sí i. Ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ni wọ́n, tí ń hù sí ibi tí omi máa ń gbà ṣàn. Bí oòrùn bá ń ràn, wọn a gbẹ, bàtà a sì dì wọ́n mú. Bí òjò bá ti kàn wọ́n, wọn a di ọbẹ̀ ilá.

Mo kọjú sí àpáta, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀, mo ń fi í táràrà bí afọ́jú. Mo kan òkúta pẹlẹbẹ kan. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, kò mì. Mo gbé gbogbo ara lé e. Ó yẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èpo àlùbọ́sà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni.

N kò lè ròyìn bí mo ti ṣe já. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ ìró òkúta náà bí ó ti ń yí lọ ní ọwọ́ òsì fún ìgbà pípẹ́, mo sì bá ara mi nínú kòtò àpáta kan ní ẹsẹ̀ ògiri náà, tí ẹ̀ka igi kékeré kan há mi lábẹ́ abíyá. Orúnkún mi méjèèjì ti bó. Ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì ti rọ́, ó sì ń wú lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti dìde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó padà. Fóònù mi kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí ó yá, omi wọ inú rẹ̀, ó kú. Òjò ń rọ̀, àrá ń sán, èmi sì ká jọ sínú kòtò bí ìgbín.

N kò ní purọ́ fún yín: ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ìyàwó mi nílé. Ohun tí mo sọ fún un ni pé mo ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi. N kò dárúkọ òkè fún un, kí ó má baà dá mi dúró. Bí kì í bá ṣe ti ìyá elépo tí ó fi ipá gba aago lẹ́nu mi, kò sí ẹnì kan láyé tí ìbá mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi.

Òjò dá. Agogo márùn-ún kọjá dáadáa kí n tó gbọ́ ohùn kan tí ń ké láti òkèèrè pé, "Ọ̀gá olùkọ́ Jọ́gíráfì o!" Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò tíì gbọ́ orin tí ó dùn tó ohùn náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin amọ̀nà náà ni. Nígbà tí mo sọ fún un bí mo ṣe gun ògiri náà àti bí mo ṣe já, ó fi ọwọ́ hàn mí: lẹ́yìn igi kékeré kan, pàlàpálá kan wà nínú àpáta tí ó yí ògiri náà po, tí ènìyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ rìn gòkè rìn sọ̀ láìfi ọwọ́ kan ilẹ̀. Kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n fi apá kọ́ òun lọ́rùn. Ibi tí ó bá dà gẹ̀rẹ́, a wí pé, "Ẹ má dìde dúró, sà. Ẹ fi ìdí wọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Olùkọ́ tí ó ń súfèé gun àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ ni ó ń fi ìdí kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a rí iná tọ́ọ̀ṣì kan ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni ó jókòó síbẹ̀, agboòrùn rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí pé dígí kò tàn, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo mẹ́rin lù, ó gbé agboòrùn, ó rìn wá sí ẹsẹ̀ òkè, ó san owó amọ̀nà tí èmi kò fẹ́ san, ó sọ òkè tí mo lọ fún un, ó sì jókòó. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò dárúkọ sísọ̀ rárá. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó sì ṣíwájú wa lọ sílé.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ LỌ

Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi kọ òkè Ìdànrè. Ẹ lọ, kí ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ, nítorí ohun tí ó wà lókè yẹn yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ẹ mú amọ̀nà. Kì í ṣe ẹrù ni yóò bá yín gbé, ojú rẹ̀ ni ẹ ń sanwó fún. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì tètè jáde ní òwúrọ̀. Ibi tí ẹ bá ti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó kọjá, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè sọ̀ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ óò dé fún ẹni tí yóò dìde bí aago náà bá lù.

Mo ṣì ń tiro nígbà tí ilé ìwé wọlé. Ọmọkùnrin kékeré yẹn ni ó kọ́kọ́ nawọ́. "Tíṣà, ṣé ẹ dé ṣóńṣó?"

Mo ní, "Rárá. Ó ku bí yáàdì 200, mo sì padà." Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo mú ẹfun, mo ya òkè àti ìkùukùu sójú pátákó, mo sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí i: 21, 15, 9. Mo ní kí wọ́n ṣírò bí ìjì ti jìnnà sí mi tó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí ó yẹ kí n padà.

Ọmọ náà ṣírò tirẹ̀ tán kí àwọn ìyókù tó bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Kìlómítà 7, kìlómítà 5, kìlómítà 3. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ìgbà tí ẹ ka 21 ni ó ti yẹ kí ẹ padà."

Mo fún un ní máàkì tí ó pé.